Ìyá Tí A Ti Kírun Sí Lára

Obìnrin náà ló kẹ́yìn bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi tó ti Èkó dé sí Èbúté Ìkòròdú láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ̀rọ ọkọ̀ ṣì ń dún, èéfín epo rẹ̀ dà pọ̀ mọ́ òórùn ẹja yíyan, àwọn aláàárù ń pariwo pé ká yà lọ́nà, ìyá mi sì ti wọ àárín èrò lọ láti bá àwọn apẹja ná ọjà. Èmi ni wọ́n ní kí n jókòó ti agbọ̀n. Obìnrin náà ga, ó gbẹ, oòrùn ti sá a kọjá ààlà. Aṣọ funfun tó ti pọ́n ló fi bora láti orí dé ẹsẹ̀ bíi tàwọn ará òkè Ọya, ó sì gbé àpò awọ kan kọ́ èjìká. Dípò kó máa lọ, ó dúró, ó ń wò mí. Ó wò mí títí inú fi bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi, nítorí láti kékeré ni n kò ti fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa wò mí bí ẹni ń wo iṣu lọ́jà.

Ó bi mí pé ọmọ ta ni mí. Ohùn Ẹ̀pẹ́ ló jáde lẹ́nu rẹ̀, Ẹ̀pẹ́ pọ́ńbélé, irú èyí tí ìyá mi máa ń sọ tí inú bá ń bí wọn. Mo nawọ́ sí ìyá mi lọ́ọ̀ọ́kán. Obìnrin náà wo ibi tí mo nawọ́ sí. Ó wá bi mí lórúkọ.

"Yétúndé," ni mo wí.

"Yétúndé." Ó tún un pè jẹ́jẹ́. "Ìyá ta ló kú?"

Ìbéèrè náà kò ṣàjèjì sí mi. Ta ni kò mọ̀ pé ọmọ kì í déédéé jẹ́ Yétúndé? Ìyá àgbà kan ní láti kú ná, kí ọmọbìnrin tí wọ́n bí tẹ̀lé e tó jẹ́ ẹ. Mo dá a lóhùn bí mo ṣe máa ń dá gbogbo ayé lóhùn, tìgbéraga-tìgbéraga, pé ìyá tó bí ìyá mi ni, pé ojú ọ̀nà Mẹ́kà ni àwọn àti bàbá àgbà kú sí, pé wọ́n kírun sí wọn lára láìrí òkú wọn, wọ́n sì ṣe fídáù wọn ní Ẹ̀pẹ́, wọ́n pa màlúù.

Obìnrin náà jókòó. Kò wo ibi tó ń jókòó sí. Inú ẹrẹ̀ ni, láàárín ìpẹ́ ẹja, tòun taṣọ funfun. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu. Ibẹ̀ ló wà nígbà tí ìyá mi padà dé pẹ̀lú ẹja lórí, tí wọ́n ṣì ń fi ẹnu bá apẹja kan jà lẹ́yìn. Wọ́n wolẹ̀, wọ́n rí i. Ẹja dà sílẹ̀. Ìyá mi tí kì í bẹ̀rù ọlọ́pàá, tí kì í bẹ̀rù ìjì lórí ọ̀sà, ké pé "Òkú ìyá mi rèé o!" wọ́n sì sá. Bàtà wọn kan ṣẹ́kù sínú ẹrẹ̀. Wọ́n sá fi mí sílẹ̀, èmi tí wọ́n ń pè ní ìyá wọn láràárọ̀! Títí dòní, bí mo bá rántí, ẹnu ṣì ń yà mí.

Kí ni àwọn aláàárù gbọ́ sí? Wọ́n ní akúdàáyà ni, ẹni tó kú níbì kan tó tún ń rìn kiri níbòmíràn. Ẹni tó gbé ẹrù sórí sọ ọ́ kalẹ̀, ẹni tó ń wa ọkọ̀ bọ̀ yí orí rẹ̀ padà. Ká tó ṣẹ́jú, etí omi ti dá. Èmi nìkan ni n kò sá. Kì í ṣe pé mo láyà o. Wọ́n ní kí n jókòó ti agbọ̀n, n kò sì tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ní kí n dìde.

"Ìwọ ò sá?" ni obìnrin náà bi mí.

Mo ní agbọ̀n ni mò ń ṣọ́.

Ó rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀ bó ti ń rẹ́rìn-ín. "Èmi," ó ní, "èmi ni ìyá tí ẹ pa màlúù fún."

Orí mi wú. Ọmọdé ni mí, ṣùgbọ́n n kì í ṣe òmùgọ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́njú ni wọ́n ti ń sọ fún mi pé èmi ni ìyá àgbà tó padà wá. Ìyá mi kì í nà mí, nítorí ta ni yóò na ìyá rẹ̀? Orí ẹja tèmi ni. Wọn kì í fún mi ní ọbẹ̀ ilá, nítorí ìyá àgbà kì í jẹ ilá. Àpá kan wà ní apá ọ̀tún mi tí wọ́n fi ń han àlejò pé ẹ wò ó, àpá ibi tí iná jó wọn nìyẹn. Bí obìnrin inú ẹrẹ̀ yìí bá wá jẹ́ ìyá àgbà, ta wá ni èmi?

Ìyá àgbà ṣa ẹja náà sínú agbọ̀n, wọ́n gbé e rù, wọ́n ní kí n máa ṣíwájú. Báyìí ni mo ṣe mú ìyá ìyá mi wọlé.

Ilé wa kò jìnnà sí etí omi. Bàbá mi, tó ń kan ọkọ̀ ojú omi, ti dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú òòlù lọ́wọ́, ìyá mi wà lẹ́yìn wọn, gbogbo àdúgbò wà lẹ́yìn ìyá mi. Wọ́n ní akúdàáyà kì í dúró tí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá ti rí i, pípòórá ni yóò pòórá. Nítorí náà gbogbo wọn dúró, wọ́n ń retí kó pòórá. Ìyá àgbà sọ agbọ̀n kalẹ̀, wọ́n jókòó sábẹ́ igi àgbọn. Oòrùn kúrò lórí òrùlé wa, ìrun ọ̀sán kọjá, eṣinṣin bo ẹja. Wọn kò pòórá.

"Tó bá jẹ́ pípòórá ni mo fẹ́ pòórá," ni wọ́n wí nígbẹ̀yìn, "ẹ bá kọ́kọ́ fún mi lómi mu."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀ kíá. Ìyá mi bu omi wá, wọ́n gbé e kalẹ̀ lókèèrè, wọ́n sì sún sẹ́yìn. Ìyá àgbà bu ẹ̀kún ẹnu kan, wọ́n fi sẹ́nu, wọn kò gbé e mì. Wọ́n dijú. Wọ́n fi omi náà sẹ́nu pẹ́ títí kó tó lọ sí ọ̀nà ọ̀fun. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní omi Ìkòròdú ṣì ní ìtọ́wò ewé, bó ti wà láti ìgbà tí wọ́n wà lọ́mọge tí wọ́n máa ń wá ná ọjà níbẹ̀. Ohun tó wó odi nìyẹn. Òkú wo ló ń ṣàròyé omi? Ìyá mi wó lé wọn lẹ́sẹ̀, wọ́n ké pé, "Ìyá mi!"

Àwa méjèèjì la jẹ́ ẹ. Ìyá àgbà ní "Ọmọ mi," èmi náà ní "Ẹ̀ẹ́n," bí mo ti máa ń ṣe. Mo rí ìyá mi tí wọ́n gbójú sókè, wọ́n wo ìyá àgbà, wọ́n wò mí, wọ́n tún wo ìyá àgbà. N kò tíì rí irú ojú bẹ́ẹ̀ rí lórí ènìyàn. Ayọ̀ wà níbẹ̀, n kò ní purọ́, ṣùgbọ́n jìnnìjìnnì ti wọ inú ayọ̀ náà, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́.

Wọ́n fún ìyá àgbà ní yàrá ẹ̀yìn. Láràárọ̀, tí a bá ń họ ìpẹ́ ẹja, wọ́n á máa sọ ìrìn àjò wọn, èmi á sì máa gbọ́, ọ̀bẹ á dúró lọ́wọ́ mi. Kí ìyá mi tó bí ẹnikẹ́ni ni àwọn àti bàbá àgbà ti gbéra, tí wọ́n wọ rélùwéè dé Kánò, tí wọ́n wọ lọ́rì dé Màídúgùrí, tí wọ́n wá fi ẹsẹ̀ gba aṣálẹ̀ lọ pẹ̀lú àwọn onírìn-àjò mìíràn. Wọ́n ní ìdájí ni wọ́n ń rìn, tí ilẹ̀ bá ti gbóná wọ́n á fi aṣọ bo orí, wọ́n á sùn sábẹ́ òjìji ẹrù. Wọ́n ní iyanrìn a máa rìn. Òkè tí ènìyàn fi ṣe àmì lánàá, tó bá jí lónìí, ó ti lọ. Egungun ràkúnmí ni wọ́n ń tẹ̀ lé mọ ọ̀nà. Mo bi wọ́n bóyá ẹ̀rù bà wọ́n. Wọ́n ní ẹ̀rù bà wọ́n o, ṣùgbọ́n òùngbẹ kì í jẹ́ kí ènìyàn ráyè bẹ̀rù.

Ibà ló pa bàbá àgbà. Wọ́n sin ín sẹ́yìn abúlé kékeré kan létí aṣálẹ̀, ìyá àgbà sì gbé kẹ́tùlù tó fi ń ṣe àlùwàlá sí ìgbèrí sàréè, kó lè máa dán nínú oòrùn, kí àwọn lè mọ ibẹ̀ tí wọ́n bá ń padà bọ̀. Kò pẹ́ tí ibà náà fi mú ìyá àgbà fúnra wọn. Wọn kò mọ ẹni tó wà lọ́dọ̀ wọn mọ́. Nígbà tí ojú wọn máa là, ahéré obìnrin abúlé kan ni wọ́n wà, àwọn tí wọ́n jọ ń rìn ti lọ. Ọkùnrin ará Ẹ̀pẹ́ kan wà láàárín àwọn yẹn. Òun ló mú ìborùn wọn padà wálé, tó sì sọ pé òun fi ọwọ́ ara òun gbẹ́ sàréè méjì.

Ìyá mi la ẹnu, wọn kò lè pa á dé. Sàréè méjì! Ọkùnrin náà ti kú nígbà náà, wọ́n fẹ́ gbé e ṣépè nínú ilẹ̀ tó wà, ṣùgbọ́n ìyá àgbà kò gbà.

"Má ṣépè fún un," ni wọ́n wí. "O ò mọ ibẹ̀. Ẹni tó bá dúró ti aláìsàn níbẹ̀, omi tirẹ̀ náà á tán. Bóyá èmi náà ì bá lọ."

Nígbà tí ara wọn yá, iwájú ni wọ́n tẹ̀ sí, wọn kò padà. Wọ́n ṣa òwú lóko olóko ní ilẹ̀ Súdánì, wọ́n dín àkàrà fún àwọn aláàárù létí òkun, wọ́n sọdá, wọ́n dé Mẹ́kà, wọ́n ṣe Hájì wọn pé. Lẹ́yìn náà ni oníṣòwò ará Kánò kan gbà wọ́n sí ilé rẹ̀ ní Jídà láti máa tọ́jú àwọn ọmọ rẹ̀. Àwọn aráalé yẹn ni wọ́n sì bá wọ bàálù nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wálé. Bàálù! Àwa tó jẹ́ pé tí bàálù bá kọjá lórí ọ̀sà, sísá la máa ń sá jáde lọ juwọ́ sí i. Mo bi wọ́n bó ṣe rí lókè.

"Oúnjẹ tí wọ́n fún mi kò tíì dà nínú mi tí wọ́n fi ní a ti dé Kánò," ni wọ́n sọ. "Ọ̀nà tó jẹ ìgbà ọ̀dọ́ mi, tó jẹ ọkọ mi. Mo lẹ ojú mọ́ fèrèsé, mò ń wá kẹ́tùlù náà, bóyá màá rí i kó dán. N kò rí nǹkan kan. Láti òkè, ibi tí ènìyàn kú sí àti ibi tí kò kú sí, ọ̀kan náà ni."

Ẹ má rò pé ẹkún là ń sun lójoojúmọ́ o. Ìyá àgbà mọ ẹ̀fẹ̀. Wọ́n bi ìyá mi pé ṣé odidi màlúù náà, fún àwọn nìkan ni àbí fún àwọn àti bàbá. Ìyá mi ní fún àwọn méjèèjì. Wọ́n ní ó dáa bẹ́ẹ̀, àwọn ì bá bínú ká ní àgbò ni. Lọ́jọ́ tí ìyá mi sì se ẹ̀gúsí fún wọn nítorí èèwọ̀ ilá, wọ́n ní ta ló sọ pé àwọn kì í jẹ ilá, pé inú ló ń run àwọn ní ọdún tí wọ́n ń sọ yẹn. Wọ́n jẹ ilá, wọ́n lá ọwọ́. Mo wo ìyá mi. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni wọ́n fi ilá dù mí! Mo ní kí wọ́n fi àpá iná hàn mí, wọ́n ká aṣọ sókè, apá òsì ló wà. Èmi ń rẹ́rìn-ín, ìyá àgbà ń rẹ́rìn-ín, ìyá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n ìyá àgbà ti Ẹ̀pẹ́ dé, ọ̀rọ̀ di ariwo. Arúgbó tó lágídí ni wọ́n, àwọn ni wọ́n sọ mí lórúkọ lọ́jọ́ ìkómọ mi. Wọ́n dì mọ́ àbúrò wọn, wọ́n sunkún, wọ́n jẹun tán, wọ́n wá pe ìyá mi sí kọ̀rọ̀. Kọ̀rọ̀ ilé wa kì í sì í ṣe kọ̀rọ̀, gbogbo wa la gbọ́.

"Ọba kì í pé méjì láàfin," ni wọ́n wí. "Ẹni tó ti padà wá tún padà wá. Ọ̀kan nínú wọn yóò yẹ̀ fún ọ̀kan. Mo ti sọ tèmi."

Bàbá mi fara ya. Wọ́n pe ààfáà wá, ààfáà ní irọ́ ni, pé òkú kì í padà wáyé, pé orúkọ lásán ni Yétúndé, ìfẹ́ la fi ń sọ ọ́. Ìyá mi ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn gbọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, wọn kò jẹ́ kí n wọ yàrá ẹ̀yìn mọ́. Tí ìyá àgbà bá jókòó sápá kan ẹní, ìyá mi á fà mí sí apá kejì, wọ́n á sì jókòó sáàárín. Wọ́n ń bọ́ ìyá wọn dáadáa, wọ́n ń fọ aṣọ wọn, wọ́n ń kúnlẹ̀ kí wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣọ́ wọn bí ẹni ń ṣọ́ iná.

Ṣé ẹ mọ̀ pé ìgbà yẹn ni ibà yóò wá mú mi? Ọmọ tó ń gbé etí ọ̀sà, kí ni ibà kò ní í fi í ṣe? Ọdọọdún ló ń mú mi. Ṣùgbọ́n èyí le, mò ń gbọ̀n, mò ń sọ̀sọkúsọ, bàbá mi sáré lọ gba oògùn kíkorò kan wá lọ́wọ́ àwọn oníṣègùn ìjọba. Oògùn kò dúró nínú mi. Gbogbo ohun tí wọ́n bá fi sí mi lẹ́nu ni mò ń pọ̀. Ìyá àgbà wọlé láìbèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n ti aṣọ bọ omi, wọ́n ń kán an sí mi lẹ́nu lẹ́kán-ǹ-kán, wọ́n ní kí n má gbé e mì, kí n fi í sẹ́nu títí yóò fi gbóná bí itọ́ mi. Mo ṣe é. Omi dúró, oògùn náà sì dúró lẹ́yìn rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, nígbà tí ìyá àgbà jáde lọ ṣe àlùwàlá, ìyá mi kúnlẹ̀ ti ẹní mi. Wọ́n rò pé mo ti sùn. Wọn kò gbàdúrà sókè, ṣùgbọ́n wọn kò gbà á sínú pátápátá. Wọ́n ní Ọlọ́run, ẹ ṣàánú mi, mo mọ̀ pé méjì ni mo ní tí kò yẹ kí n ní ju ọ̀kan lọ. Wọ́n ní, "Tó bá jẹ́ pé ẹ máa mú ọ̀kan, ẹ má mú ọmọ mi."

Láti ẹnu ọ̀nà, mo gbọ́ ohùn ìyá àgbà.

"Àmín," ni wọ́n wí.

Ìyá mi ta gìrì. Wọ́n yíjú padà, ìyá wọn dúró síbẹ̀ pẹ̀lú kẹ́tùlù lọ́wọ́, omi ń kán ní ìgúnpá wọn. Kò sí ìbínú lójú wọn rárá. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Wọ́n tẹ́ ẹní ìkírun wọn sí kọ̀rọ̀ yàrá, wọ́n kírun, nígbà tí wọ́n sálámà tán, wọ́n bi ìyá mi bóyá ara mi ti ń tutù.

Ara mi yá. Ẹni tó bá ní làákàyè yóò sọ pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, ìyá àgbà ṣì wà láàyè, èmi náà wà láàyè. Ṣùgbọ́n ìyá mi kò gbà á lọ́kàn pé àwa méjèèjì lè jọ wà láyé. Ìyá àgbà rí i pé wọn kò gbà á. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń fi epo pa àpò awọ wọn kó má baà sán. Omi ni wọ́n máa ń gbé nínú rẹ̀ ní aṣálẹ̀. Mo béèrè ibi tí wọ́n ń lọ. Wọ́n ní Kánò ná, ilé oníṣòwò yẹn, àwọn ọmọ rẹ̀ ń béèrè àwọn.

Gbogbo wa la sìn wọ́n dé Èbúté. Ọkọ̀ ń fẹ́ èéfín, àwọn aláàárù tó sá nígbà kan ń bá ara wọn du ẹrù wọn, wọ́n ń kí wọn pé Àlàájà, Àlàájà. Ìyá mi kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ níbi tí ìyá wọn jókòó sí lọ́jọ́ kìíní, wọ́n di etí aṣọ funfun náà mú, wọ́n sunkún bí ọmọdé. Wọ́n sọ oríṣiríṣi ọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí ìyá wọn dárí ji àwọn, wọ́n ní kí wọ́n máa ránṣẹ́. Mò ń retí kí wọ́n sọ pé, ẹ má lọ. Mo retí títí. Wọn kò sọ ọ́.

Ìyá àgbà gbé wọn dìde. "Dìde, ọmọ mi. Nínú èmi àti Yétúndé, èmi ni mo mọ̀ ọ́n rìn." Wọ́n wá kọjú sí mi, wọ́n fa etí mi, wọ́n ní kí n máa jẹ ilá.

Ìròyìn kan dé láti Kánò pé wọ́n gúnlẹ̀ láyọ̀. Lẹ́yìn náà a gbọ́ pé wọ́n ti tún bá àwọn kan lọ sí ọ̀nà Màídúgùrí, pé wọ́n ní àwọn fẹ́ wá sàréè kan. Lẹ́yìn ìyẹn, a kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ọdún gorí ọdún. Àwọn ará Ẹ̀pẹ́ wá bá ìyá mi pé ó ti tó gẹ́ẹ́, kí a kírun sí wọn lára, kí a ṣe fídáù wọn. Ìyá mi lé wọn jáde. Wọ́n ní, "Ẹ ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí." Láti ọjọ́ yẹn títí wọ́n fi kú, tí ọkọ̀ bá ti fun fèrè létí omi, ohun yòówù tí wọ́n bá ń ṣe, wọ́n á fi sílẹ̀, wọ́n á lọ wò ó. Wọn kò pè mí ní ìyá wọn mọ́ láti ìgbà náà. Yétúndé lásán ni wọ́n ń pè mí.

Mo ti dàgbà ju ìyá àgbà lọ báyìí, bí mo bá wo bí ojú wọn ti rí nígbà yẹn. Mò ń jẹ ilá. Bí mo bá sì mu omi, mo máa ń fi í sẹ́nu ná títí yóò fi gbóná, àwọn ọmọ mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ṣé mò ń ka omi ni. Mo ṣì máa ń lọ sí Èbúté lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ọkọ̀ ayé òde òní ń sáré dé, èrò ń rọ́ jáde. Mo mọ̀ pé kò sí ẹni tó ń dàgbà tó bẹ́ẹ̀ láyé. N kì í ṣe wèrè. Ṣùgbọ́n kò tíì sí ẹni tó kírun sí ìyá yẹn lára lẹ́ẹ̀kejì, èmi kọ́ ni yóò sì kọ́kọ́ ṣe é. Mo máa ń dúró títí ẹni ìkẹyìn yóò fi bọ́ sílẹ̀.